Prẹ́ṣọ̀ bọ́ílà ti lọ sílẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tá a wà ní Ìlú Ọba

Láti ìparí oṣù kẹwàá ni ìbéèrè á ti máa rọ́ wọlé. Hítìn tí wọ́n ti pa láti oṣù kẹrin ni wọ́n tún fẹ́ tàn, ni bọ́ílà bá kọ̀, ó ń ṣẹ́jú, ó ń gbé nọ́ńbà tẹ́nikẹ́ni ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ síta. Lọ́pọ̀ ìgbà, bọ́ílà ò bàjẹ́ rárá, omi inú rẹ̀ ló dín kù. Ẹni tó ń lo bọ́ílà combi onígáàsì la kọ èyí fún, ìyẹn ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń mú omi hítìn àti omi ẹ̀rọ gbóná, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ilé tá à ń gbé ní Britain, yálà ẹ ra ilé yín ni o, yálà ẹ háyà rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní prẹ́ṣọ̀ bọ́ílà gan-an?

Omi ló wà nínú àwọn rédíétọ̀ àti páìpù tó so wọ́n mọ́ bọ́ílà. Omi kan náà ni pọ́ǹpù ń gbé yí po: bọ́ílà á mú un gbóná, á lọ sínú rédíétọ̀, á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, á tún padà wá. Kò yẹ kó jáde síbì kankan, kò sì yẹ kí omi tuntun wọlé. Gbogbo ojú ọ̀nà náà dí pa. Bí omi inú ibẹ̀ ṣe ń fi agbára ti ara páìpù ni prẹ́ṣọ̀, bar ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Bar kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú agbára omi tó ga ní mítà 10. Ẹni tó bá ti gbé táǹkì sórí òpó nílé rí, ní Ìbàdàn tàbí Ṣágámù, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé: bí táǹkì bá ṣe ga tó ni omi á ṣe lágbára tó nísàlẹ̀. Ti bọ́ílà yìí ò nílò òpó, torí pé omi ìgboro ni wọ́n fi tì í wọlé, tí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn.

Èló ló yẹ kí n rí lórí géèjì?

Géèjì ni ohun tó ń fi prẹ́ṣọ̀ hàn lára bọ́ílà. Nígbà tí bọ́ílà bá tutù, láàárín 1 sí 1.5 bar. Tí hítìn bá ti ń ṣiṣẹ́, á gòkè, ó lè tó 2, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Lábẹ́ 1, ó ti kéré. Tó bá ti sún mọ́ 0.5, ọ̀pọ̀ bọ́ílà á pa ara wọn kí wọ́n má bàa jó láìlómi. Lókè, 3 ni ààlà: fáfù ààbò á ṣí, á sì da omi síta. Ìwé tó bá bọ́ílà yín wá ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ ju èmi lọ tó bá sọ nọ́ńbà míì.

Tí géèjì yín bá jẹ́ olójú aago, ẹ ṣọ́ra, abẹ́rẹ́ méjì lè wà níbẹ̀. Ti pupa, lára àwọn géèjì kan, àmì lásán ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i síbi tí wọ́n bá fẹ́. Ti dúdú ló ń sọ òótọ́. Mo ti rí ilé tí gbogbo wọn ti ń gbọ̀n fún òtútù, tí abẹ́rẹ́ dúdú ti wà ní òdo, tí wọ́n ń sọ pé géèjì ò ṣẹ̀ torí pé ti pupa ṣì wà ní 1.5.

Bọ́ílà mi ń kọ F22. Kí ló ń sọ?

Lára bọ́ílà Vaillant, F22 ni pé omi ò tó. Ideal Logic á kọ F1, Baxi Duo-tec á kọ E119. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Àwọn míì ò ní kọ lẹ́tà kankan, nọ́ńbà prẹ́ṣọ̀ ni wọ́n máa fi ṣẹ́jú. Àmọ́ ẹ má mú kóòdù bọ́ílà ẹlòmíì wá túmọ̀ tiyín. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Ṣé mo lè fi omi kún un fúnra mi, àbí àfi kí n pe ẹnjiníà?

Ẹ lè ṣe é fúnra yín. Kì í ṣe iṣẹ́ gáàsì, òfin ò sì dí yín lọ́wọ́, tí ẹ ò bá ṣáà ti ṣí ìdérí bọ́ílà. Ohun tẹ́ ẹ máa lò ni filling loop. Páìpù kúkurú kan ni, tí wọ́n fi irin dídán hun lára, abẹ́ bọ́ílà tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń wà. Orí rẹ̀ kan so mọ́ omi tó ń bọ̀ láti ìgboro, èkejì so mọ́ omi hítìn, fáfù kékeré kan ló sì máa ń wà nídìí orí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ pa bọ́ílà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fi omi kún un nígbà tó gbóná, ẹ máa rò pé ó ti tó, tó bá wá tutù, á tún wálẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan orí méjèèjì filling loop, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n le. Ẹ wo ọwọ́ fáfù: èyí tó bá nà gẹ́gẹ́ bí páìpù ṣe nà ti ṣí, èyí tó bá dábùú páìpù ti tì. Àwọn míì ò ní ọwọ́, ojú screwdriver ni wọ́n ní, òfin kan náà ló mú wọn.

Ẹ ṣí fáfù kan tán. Ẹ wá máa rọra ṣí èkejì, kẹ́ ẹ má gbójú kúrò lára géèjì. Ẹ máa gbọ́ tí omi á máa ṣe ṣọ̀ọ̀ọ̀. Tó bá ti dé bíi 1.3, ẹ ti èyí tẹ́ ẹ ṣí kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì ti àkọ́kọ́ náà. Kì í pẹ́ rárá, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Tó bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé yọ ni, ẹ yọ páìpù yẹn, kẹ́ ẹ fi ìdérí dé ẹnu fáfù. Òfin omi ọdún 1999 tó wà fún England àti Wales ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Omi inú rédíétọ̀ dúdú, ó ní kẹ́míkà nínú, kò sì gbọdọ̀ rí ọ̀nà padà sínú omi tí gbogbo àdúgbò ń mu. Ìdí kejì ni pé fáfù tí kò tì tán lè máa jò wọlé lábẹ́lẹ̀, prẹ́ṣọ̀ á wá máa gòkè fúnra rẹ̀ títí á fi dé 3.

Ẹ wá tan bọ́ílà. Tí kóòdù yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tẹ reset.

Mi ò rí filling loop kankan lábẹ́ bọ́ílà mi.

Ó lè wà nínú bọ́ílà fúnra rẹ̀. Àwọn bọ́ílà Worcester kan ní kọ́kọ́rọ́ oníke tí wọ́n máa ń tọ́jú sínú àwo tó wà lábẹ́, àwọn míì sì ní ọwọ́ aláwọ̀ búlúù tẹ́ ẹ máa fà wálẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ju ọwọ́ sílẹ̀, omi á dúró. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ri bọ́ílà ti yọ páìpù náà bí òfin ṣe wí, tó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgbálẹ̀ àti mọ́ọ̀pù kẹ́ ẹ tó lọ ra òmíràn.

Mo ti fi omi kún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó tún ti wálẹ̀. Ṣé kí n máa fi kún un lọ bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Ojú ọ̀nà omi yẹn dí pa. Tí omi ibẹ̀ bá dín, ibì kan ló gbà jáde. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì, a lè fojú fò ó. Tó bá ti wá di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, omi sínú agbọ̀n lẹ̀ ń bù.

Kì í sì ṣe àárẹ̀ ọwọ́ nìkan ni wàhálà rẹ̀. Omi tó ti pẹ́ nínú rédíétọ̀ ti jẹ atẹ́gùn oxygen inú rẹ̀ tán, kò fi bẹ́ẹ̀ lè mú irin dógùn-ún mọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fi omi tuntun wọlé, ẹ̀ ń kó oxygen tuntun wọlé fún un, ẹ sì tún ń bu omi la kẹ́míkà tí wọ́n fi síbẹ̀ láti dáàbò bo irin. Ìdógùn-ún yẹn á di ẹrẹ̀ dúdú, á kóra jọ sí ìdí rédíétọ̀, á bá pọ́ǹpù jà. Ní London àti gbogbo apá gúúsù ìlà-oòrùn England, omi tiwọn tún le, ohun funfun tẹ́ ẹ máa ń rí nínú kẹ́tù náà á bá a wọlé. Bọ́ílà tí ì bá lò pẹ́ á wá kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ibo wá ni kẹ́ ẹ wò? Ẹ bẹ̀rẹ̀ látara rédíétọ̀. Ẹ mú tíṣù gbígbẹ, kẹ́ ẹ fi nu ìsàlẹ̀ fáfù ọ̀tún àti òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, yàrá dé yàrá. Tí ó bá ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹ lè má rí omi rárá, torí pé ooru páìpù á ti gbẹ ẹ́. Àmì tó bá fi sílẹ̀ lẹ máa rí: èérí funfun tàbí aláwọ̀ ewé lára idẹ, ìpatà lára awọ rédíétọ̀, àbàwọ́n lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bọ́ílà náà. Ẹ gbójú sókè wo àjà yàrá ìsàlẹ̀ bóyá ó ti ní òrùka àwọ̀ tíì.

Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ síta. Páìpù méjì lẹ máa rí tó gba inú ògiri jáde láti ìdí bọ́ílà, èyí ló sì ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn rú. Oníke ni ọ̀kan, funfun tàbí eérú. Tí ìyẹn bá ń kán, ẹ fi í sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, omi tó ń jáde látinú èéfín gáàsì ni. Idẹ pupa ni èkejì, kékeré, ó sábà máa ń tẹ̀ padà kọjú sí ògiri. Ti fáfù ààbò nìyẹn, gbígbẹ ló sì yẹ kó wà. Tó bá ń kán, tàbí tí ògiri abẹ́ rẹ̀ bá ti ní àwọ̀ ìpatà, ẹ ti rí ibi tí omi yín ń gbà lọ. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ so ọ̀rá kékeré mọ́ ẹnu rẹ̀ ní alẹ́, kẹ́ ẹ wò ó láàárọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án nígbà tí hítìn ń ṣiṣẹ́ o, omi gbígbóná ló lè tú jáde.

Tí gbogbo ibi tójú lè rí bá gbẹ, ọ̀ràn ku méjì. Ó lè jẹ́ páìpù abẹ́ ilẹ̀, pàápàá nínú ilé tí wọ́n ti rì í mọ́ inú kọnkéré. Ó sì lè jẹ́ inú bọ́ílà fúnra rẹ̀, níbi tí iná ti ń mú omi gbóná: tí ibẹ̀ bá ti lu, omi á bá ti páìpù oníke lọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ọ̀nà kan wà láti mọ èyí tó jẹ́. Tí bọ́ílà bá tutù, tẹ́ ẹ sì ti pa á, wọ́n á ti fáfù méjì tó ń gbé omi hítìn jáde àti wọlé lábẹ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí géèjì bá wálẹ̀ síbẹ̀, bọ́ílà ló ń jò. Tí kò bá mira, àmọ́ tó ṣubú lẹ́yìn tí wọ́n ṣí fáfù padà, ilé ló ń jò. Ẹ ní kí ẹnjiníà ṣe ìdánwò yìí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hú ilẹ̀ yín.

Tí hítìn bá ń ṣiṣẹ́, prẹ́ṣọ̀ á sáré gòkè dé 3. Tó bá tutù, á já sí òdo. Kí ló fà á?

Expansion vessel ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ òun nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá rí irú ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ yìí. Tí omi bá gbóná, ó máa ń fẹ̀. Ilé tó ní omi tó tó lítà 100 nínú hítìn rẹ̀, tí omi yẹn bá gbóná láti ìwọ̀n 10 dé 70, á fi bíi lítà méjì fẹ̀ sí i. Ibo ni lítà méjì yẹn máa gbà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti dí pa? Inú expansion vessel ni. Agolo irin kan ni, awọ rọ́bà pín inú rẹ̀ sí méjì, omi wà níhà kan, afẹ́fẹ́ wà níhà kejì. Bí omi bá ṣe ń fẹ̀, á máa ti rọ́bà yẹn, afẹ́fẹ́ á gbà fún un. Tó bá tutù, afẹ́fẹ́ á tún tì í padà.

Bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún, afẹ́fẹ́ yẹn á máa jò lọ. Níjọ́ tó bá tán, omi ò ríbi fẹ̀ sí mọ́, prẹ́ṣọ̀ á gun òkè, fáfù ààbò á ṣí ní 3, á da omi síta. Tí ilé bá wá tutù lóru, omi tó ti lọ ò lè padà, géèjì á sì já. Ẹ máa fi omi kún un láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ló tún máa rí lálẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kì í sábà le. Wọ́n á tú omi sílẹ̀ kí prẹ́ṣọ̀ kọ́kọ́ dé òdo, wọ́n á wá fún afẹ́fẹ́ sí i láti ẹnu fáfù kan tó dà bíi ti táyà, lọ́pọ̀ ìgbà dé láàárín 0.75 sí 1 bar. Tó bá jẹ́ omi ló tú jáde nígbà tí wọ́n tẹ ẹnu fáfù yẹn, rọ́bà ti ya, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ílà, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí kọ́wọ́ tó débẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ẹnjiníà ni.

Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀. Fáfù ààbò tó bá ti ṣí lẹ́ẹ̀kan kì í sábà tì dáadáa mọ́, ìdọ̀tí á ti há sí i lẹ́nu. Àrùn méjì ló wá wà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹnjiníà tó bá pààrọ̀ fáfù láìwo vessel, ẹ máa tún pè é. Èyí tó bá fún vessel ní afẹ́fẹ́ láìwo fáfù, ẹ máa tún pe òun náà. Kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ bi í pé ṣé ó ti wo méjèèjì.

Màmá mi wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Wọ́n ní rédíétọ̀ yàrá àwọn gbóná nísàlẹ̀ àmọ́ òkè rẹ̀ tutù. Ṣé prẹ́ṣọ̀ ni?

Afẹ́fẹ́ ló kóra jọ sókè rédíétọ̀ náà, kò jẹ́ kí omi débẹ̀. Ẹ pa hítìn, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rédíétọ̀ yí ẹnu kékeré tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sọ́wọ́ òsì díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé aṣọ sábẹ́ rẹ̀, torí omi ibẹ̀ dúdú, kì í sì í kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ á ṣe fùùù, tí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹ ti í. Ẹ wá lọ wo géèjì, torí pé ó ti ní láti wálẹ̀. Èyí ni ìdí tí kò léwu jù tí prẹ́ṣọ̀ fi ń dín kù: ẹ fi omi kún un lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n má yí thermostat dé 30. Kì í mú ilé tètè gbóná, ohun tó ń sọ fún bọ́ílà ò ju ìgbà tó máa dúró lọ. Kí wọ́n fi sí 21, kí ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn fún wọn.

Mo fi omi kún un jù. Ó ti wà ní 2.5, bọ́ílà ṣì tutù.

Ẹ ṣí ẹnu rédíétọ̀ kan bí mo ṣe sọ lókè yẹn, kẹ́ ẹ da omi rẹ̀ sínú abọ́ títí géèjì á fi padà sí 1.3. Tó bá tún ń gòkè láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án, filling loop ò tì tán nìyẹn.

Omi shower wa ò lágbára. Ṣé kí n gbé prẹ́ṣọ̀ bọ́ílà sókè?

Kò ní ràn án. Omi méjì ló wà nínú combi, wọn kì í pàdé. Ti hítìn ni géèjì ń wọ̀n. Ti shower ń bọ̀ tààrà láti ìgboro, ó kàn ń gba inú bọ́ílà kọjá láti gbóná ni. Tí omi tútù náà bá rọ̀, ẹ wo fáfù àbáwọlé omi ilé bóyá wọ́n ṣí i tán, kẹ́ ẹ sì bi aládùúgbò bóyá tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀. Ní England àti Wales, ilé iṣẹ́ omi gbọ́dọ̀ fún yín ní ó kéré tán agbára omi tó ga ní mítà 7, ìyẹn bíi 0.7 bar. Tó bá jẹ́ omi gbígbóná nìkan ló ń rọ̀, inú bọ́ílà ti ń dí nìyẹn, ohun funfun inú kẹ́tù náà ni mo sì máa kọ́kọ́ fura sí.

Yàrá kan ni mo háyà nínú ilé táwa márùn-ún ń gbé. Lanlọ́ọ̀dù ní kí n máa fi omi kún un fúnra mi. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Kó ní kẹ́ ẹ fi kún un lẹ́ẹ̀kan ò burú. Kó wá sọ ọ́ di iṣẹ́ yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn ò tọ́. Ní England, abala 11 nínú òfin onílé àti ayálégbé ti 1985 sọ pé onílé ló máa tún hítìn àti ẹ̀rọ omi gbígbóná ṣe nínú ilé tí wọ́n háyà fún ìgbà tí kò tó ọdún méje. Ó sì tún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ wo gbogbo ohun tó ń lo gáàsì lọ́dọọdún, kó sì fún yín ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2022, alááàmù carbon monoxide, èéfín olóró tí kò lóòórùn, gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tí bọ́ílà bá wà.

Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, ẹ má pè é lórí fóònù nìkan. Ẹ ya fọ́tò géèjì ní gbogbo ìgbà tó bá wálẹ̀, fóònù á fi ọjọ́ àti aago sí i fúnra rẹ̀. Tó bá kọ etí ikún, ẹ kàn sí káńsù, ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń rí sí ilé táwọn èèyàn háyà. Ẹ má torí ẹ̀ dá owó ilé dúró o, ẹjọ́ tẹ́ ẹ jàre ni wọ́n máa fi ìyẹn yí mọ́ yín lọ́wọ́.

Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ iṣẹ́ náà, kò sì wọ́n. Ṣé kí n pè wọ́n?

Ẹ pè wọ́n, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n fi káàdì Gas Safe hàn yín kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìdérí bọ́ílà. Àtoṣù kẹrin 2009 ni Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn tó láṣẹ láti ṣiṣẹ́ gáàsì, ti gbapò CORGI tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ò láṣẹ láti ṣiṣẹ́ gáàsì. Fọ́tò àti nọ́ńbà wà níwájú káàdì, irú iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n láàyè fún wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì lè tẹ nọ́ńbà yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kì í ṣe àrífín. Bọ̀dá tó mọṣẹ́ á ti yọ ọ́ síta kẹ́ ẹ tó béèrè. Tó bá jẹ́ fáfù rédíétọ̀ tàbí páìpù omi ló ń jò, púlọ́mbà tí kò ní káàdì náà lè ṣe é.

Mò ń gbóòórùn gáàsì nítòsí bọ́ílà.

Ẹ gbàgbé prẹ́ṣọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tó wà ní títàn, ẹ ti gáàsì nídìí mítà tí ọwọ́ bá tó o, ẹ jáde, kẹ́ ẹ pe 0800 111 999. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹnjiníà ò ní wá títí di ọjọ́ Ẹtì. Báwo la ṣe máa mú ilé móoru?

Hítà oníná tó dà bíi rédíétọ̀, tí wọ́n rọ epo sínú rẹ̀, ló dára jù, kó jìnnà sí kọ́tìnnì àti bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ sì so wáyà rẹ̀ mọ́ iná ara ògiri tààrà, kì í ṣe mọ́ wáyà alásopọ̀. Ẹ kóra jọ sí yàrá kan, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má tan kúkà gáàsì láti fi yá iná, ẹ má sì gbé èédú wọlé, bó ti wù kó kéré tó. Carbon monoxide tó ń pa odidi ìdílé lójú oorun nílé nítorí jẹnẹrétọ̀ náà ló wà nínú èéfín èédú, kò lóòórùn, ilé wọn níbí sì dí ju tiwa lọ.

A ń lọ Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní oṣù Kejìlá. Ṣé kí n pa bọ́ílà?

Ẹ má pa á. Ẹ fi thermostat sí bíi 12, kí páìpù má bàa di yìnyín. Bọ́ílà tòde òní ní ọgbọ́n tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ òtútù, àmọ́ ọgbọ́n yẹn nílò iná mànàmáná, ó sì nílò prẹ́ṣọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ ti máa ṣọ́ géèjì láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Tó bá ń wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfurufú, torí pé bọ́ílà tó bá pa ara rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ẹ ó fi dé. Ẹ ti omi ìgboro nídìí àbáwọlé, kí ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì ka ìwé adójútòfò yín: ọ̀pọ̀ wọn ló ní iye ọjọ́ tí ilé lè ṣófo kó tó di pé wọn ò ní sanwó.

Ilé wa ò ní géèjì rárá.

Tí táǹkì kékeré bá wà lókè àjà, tó yàtọ̀ sí ti omi tútù, ètò àtijọ́ lẹ ní, táǹkì yẹn ló ń fi omi kún ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ fúláàtì inú ilé gíga tuntun ní London, ó lè jẹ́ ooru àpapọ̀ ni wọ́n ń pín kiri, ẹ̀rọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín kì í ṣe bọ́ílà. Àwọn tó ń bójú tó ilé ni kẹ́ ẹ pè.

Wọ́n ń ta oògùn kan tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ tó ń dí ibi tó ń jò. Ṣé ó dáa?

Ó lè dí ihò tó tín-ín-rín, fúngbà díẹ̀. Kò lè ran expansion vessel, kò lè ran fáfù ààbò, méjèèjì yìí sì wà lára ohun tó sábà ń fa wàhálà. Tó bá jẹ́ bọ́ílà yín ṣì wà lábẹ́ gàránǹtì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kẹ́ ẹ tó da nǹkan kan sínú rẹ̀.

Ẹnjiníà wò ó, ó ní kí n ra bọ́ílà tuntun.

Ẹ bi í pé kí ló bàjẹ́, kó dárúkọ rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá dárúkọ fáfù ààbò tàbí expansion vessel, wọ́n ń tà wọ́n lọ́tọ̀. Kódà tí ọwọ́ ò bá lè dé vessel tó wà lẹ́yìn bọ́ílà, wọ́n lè ri òmíràn sórí páìpù níta rẹ̀, á sì ṣiṣẹ́ bákan náà. Tó bá ní ibi tí iná ti ń mú omi gbóná ló lu, ìyẹn le díẹ̀: lára bọ́ílà tí kò tíì pẹ́ tó ṣì ní gàránǹtì, ilé iṣẹ́ ló yẹ kó gbé e, tó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń wá tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún, ìwé ìtọ́jú yẹn lẹ máa kọ́kọ́ wá jáde. Lára èyí tó ti lo ọdún 15, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ẹ ṣáà pe ẹnjiníà kejì kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, kẹ́ ẹ má sì sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí fún un.